Bainọ́kúlà tòkunbọ̀ 8x42 tí mo rà ní Balógun, àwòdì ni mo fi ń wò

Ẹni tó bá ń gbé Èkó tí kì í gbójú sókè láti Ọ̀kítóbà wọ Disẹ́ńbà, nǹkan ńlá ló ń kọjá lórí ẹ̀ tí ò mọ̀ o. Àwòdì ló ń dé. Tí òjò bá ti ń dín kù báyìí ni wọ́n máa ń ti Òkè Ọya sọ̀kalẹ̀ wá bá wa, tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ wọ́n á padà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń fojú lásán wò wọ́n lókè dẹ́kì ilé wa ní Bàrígà, gbogbo ohun tí mo ń rí ò ju nǹkan dúdú kan tó na apá lọ, ó sì ń dùn mí. Ìyẹn ni mo ṣe lọ ra bainọ́kúlà, awò olójú méjì tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni.

Tòkunbọ̀ ni, nàírà 45,000, lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá kan tó ń ta kámẹ́rà àti agogo ní Balógun. Orúkọ kọ́ńpìnnì ti pa rẹ́ lára ẹ̀, 8x42 nìkan ló ṣì hàn. 8 yẹn ni iye ìgbà tó ń fi nǹkan sún mọ́ ojú, 42 ni bí gíláàsì iwájú ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. Bọ̀ọ̀dá fẹ́ kí n mú ńlá kan tí wọ́n kọ 30 sí lára, mo ní rárá, torí bó bá ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ yín tó ni ọwọ́ yín á ṣe máa gbọ̀n tó, ibi tẹ́ ẹ máa rí á wá kéré, kẹ́ ẹ tó wá ẹyẹ tó ń pòòyì lókè rí ó ti dé Ìkòròdú. Ẹ má sì sanwó láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé e síta, mo fi wo orí ilé gíga kan, mo wò ó bóyá ohun tí ojú ọ̀tún àti tòsì rí dà pọ̀ di ẹyọ kan, torí èyí tó bá ti já bọ́ rí lè máa fi nǹkan hàn ní méjì-méjì, orí á sì máa fọ́ yín. Mo kọjú gíláàsì ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ náà, tẹ́ ẹ bá rí funfun kan nínú ẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, ó ti bu nìyẹn, ẹ dá a padà fún wọn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sójú, ariwo ni mo pa. Mo rí ìyẹ́ etí apá ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí ìka ọwọ́ tó yà, mo rí ìrù ẹ̀ tó là díẹ̀ láàárín, tó ń fi ṣe sítíárìn, tó ń yí i sọ́tùn-ún yí i sósì. Mo rí ẹnu ẹ̀! Ẹnu yẹn ṣe pàtàkì, torí àwòdì tiwa nílẹ̀ Áfíríkà, tó bá ti dàgbà, ẹnu ẹ̀ yẹ́lò pátápátá, èyí tó ń ti Yúróòpù wá, dúdú ni ẹnu tiẹ̀. Àmọ́ ọmọ tiwa náà máa ń ní ẹnu dúdú, ẹ má kàn rí dúdú kẹ́ ẹ ní àlejò ti dé.

Kùtùkùtù ò dáa fún un. Ó di bí aago mẹ́wàá, tí oòrùn bá ti mú páànù gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gòkè látorí ilé, àwòdì á na apá sínú ẹ̀, á máa yí lọ sókè láìju apá rárá. Àwọn baba wa kúkú ti rí i tipẹ́, àwòdì tó ń re Ìbarà tí ẹ̀fúùfù ta nídìí pẹ́ẹ́. Irú afẹ́fẹ́ yẹn ò sí lórí òkun tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ti Yúróòpù bọ̀ láti Júláì wọ Sẹ̀tẹ́ńbà fi máa ń rọ́ lọ sí Gibraltar, ní ìsàlẹ̀ Sípéènì, níbi tí omi ò ti fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 14 lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á máa dúró de atẹ́gùn tó dáa kí wọ́n tó sọdá sí Mòrókò.

Ìyá onílé wa rí mi lókè níjọ́ kan, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ilé ta lò ń yọjú wò?” Mo ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà, ẹ wò ó.” Adìyẹ ni wọ́n ń sìn lẹ́yìnkùlé, àwòdì sì ti gbé ọmọ adìyẹ mẹ́ta lọ́wọ́ wọn lọ́dún yìí, mo rò pé èpè ni wọ́n máa ṣẹ́. Wọ́n wò ó títí ọrùn fi ń ro wọ́n, wọ́n wá ní, “Olè yìí náà ló rẹwà báyìí?” Àtìgbà yẹn àga wọn ni mo fi ń jókòó. Ẹ má kọjú bainọ́kúlà sí fèrèsé ẹnikẹ́ni ṣá, ẹ má sì gbé e dé ìtòsí bárékè.

Ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn: rọ́bà ibi ojú ti ya, okùn ọrùn ò sí, ọ̀já ańkárá ni mo so mọ́ ọn, omi sì lè wọ inú ẹ̀. Òjò kan ká mi mọ́ òkè ní ìparí Ọ̀kítóbà, ìkùukùu bo inú gíláàsì, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi kó o sínú ike pẹ̀lú àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó máa ń wà nínú bàtà tuntun kó tó mọ́lẹ̀. Tọ́yẹ́ bá sì ti dé, eruku á bo gbogbo ojú ọ̀run, kò sí bainọ́kúlà tó lè gbani. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Àmọ́ mi ò lè tà á, nítorí ohun tí mo rí ní Sátidé kan nínú Nòfẹ́ńbà, tí mo kọjú sí ọ̀sà. Ẹyẹ kan tó ju àwòdì lọ, ikùn ẹ̀ funfun, ìlà dúdú gba ojú ẹ̀ kọjá, ó dúró sójú kan lórí omi, ó ń ju apá, àfi pàà! ó fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sómi, ó gbé ẹja jáde. Òyìnbó ń pè é ní osprey. Yúróòpù lòun náà ti ń wá, kì í dúró de afẹ́fẹ́ gbígbóná bí àwòdì, apá ló fi ń ju ara ẹ̀ kọjá òkun, ọmọ ẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà àkọ́kọ́, òun nìkan ló ń dá wá, kò sí ìyá kò sí bàbá tó ń mú un lọ́nà. Ó yí orí ẹja yẹn síwájú, ó gbé e gba orí ọkọ̀ àwọn apẹja kọjá, mo fi gíláàsì tẹ̀ lé e títí ó fi bà lórí òpó kan lápá Mákòókò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, mo jókòó wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán.