Canon EF-S 55-250mm IS STM: lẹ́ǹsì olówó pọ́ọ́kú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ya ẹyẹ àti ẹranko igbó

Ẹni tó bá ní kámẹ́rà Canon onísẹ́ńsọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní APS-C, bíi 600D, 700D tàbí 250D, tó sì fẹ́ máa ya ẹyẹ àti ẹranko láìtọrùn bọ gbèsè, EF-S 55-250mm f/4-5.6 IS STM ni kó wá. Iye mm ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe lè fa ohun tó jìnnà sún mọ́ tó, iye f ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe lè là tó, IS ń dá ìgbọ̀n ọwọ́ dúró, STM sì ni irú mọ́tò fókọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo ti lò ó débi tí mo fi mọ ibi tó dáa sí àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí. Nínú àwọn lẹ́ǹsì Canon tí owó wọn mọ níwọ̀n, èmi ò rí èyí tó lè bá a du ipò.

Ẹ ka orúkọ tó wà lára lẹ́ǹsì náà tán kí ẹ tó sanwó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Oríṣi mẹ́ta ni 55-250: IS ti ọdún 2007, IS II ti 2011, àti IS STM ti 2013. Ìkẹta là ń wí. Àwọn méjì àkọ́kọ́, mọ́tò wọn ń pariwo, iwájú wọn máa ń yí tí wọ́n bá ń wá fókọ́ọ̀sì, wọn ò sì lè mú ohun tó bá sún mọ́ wọn ju mítà 1.1 lọ. Ti STM kì í pariwo, iwájú rẹ̀ kì í yí, sẹ̀ǹtímítà 85 ló sì lè sún mọ́ nǹkan dé. Ní 250mm gan-an, níbi tí ẹni tó ń ya ẹyẹ máa ń wà ṣáá, àwòrán rẹ̀ máa ń hàn kedere ju ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni EF 75-300mm f/4-5.6 III, tí wọ́n sábà máa ń dì mọ́ kámẹ́rà tà. 300 tí wọ́n kọ sí i lára ló ń fa ojú mọ́ra. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: tí nǹkan bá wà ní mítà 10 sí yín, ibi tí 250mm máa rí lórí APS-C fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 89, ti 300mm sì tó 74. Ìyàtọ̀ kékeré ni, èyí tí ẹ lè gé kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n 75-300 III kò ní IS, àwòrán rẹ̀ sì máa ń ṣe bàìbàì ní 300. Kò sí gígé tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ṣírò yẹn náà ló máa sọ ohun tí ẹ lè retí. Ẹ̀gà kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 17 lọ. Ní mítà 10, ìdá kan nínú mẹ́fà fífẹ̀ àwòrán ló máa gbà, ìyẹn bíi píkísẹ́ẹ̀lì 1,000 lórí kámẹ́rà onímẹ́gápíkísẹ́ẹ̀lì 24. Ó tó fún ojú fóònù, kò tó láti tẹ̀ ní títóbi kọ́ sára ògiri. Ẹ sún mọ́ ọn dé mítà 5, ó di ìdá kan nínú mẹ́ta. Lékèélékèé tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, mítà 10 tó o dáadáa. Nítorí náà, bí ẹ ṣe máa sún mọ́ ẹyẹ láìdẹ́rù bà á ló yẹ kí ẹ fi ọkàn sí. Ẹ wá igi ọ̀pẹ tí ẹ̀gà kọ́ ìtẹ́ sí, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má lé e kiri. Ẹ̀ka kan náà ló máa ń padà sí, ẹ̀ka yẹn ni kí ẹ dojú lẹ́ǹsì kọ. Ní Lekki Conservation Centre, ojú àwọn ọ̀bọ mona ti mọ́ èèyàn débi pé 250mm máa ń gùn jù, ẹ ó nílò apá 55 sí 100. Tí ẹ bá wà lórí afárá gígùn ibẹ̀, èyí tó gùn ní mítà 401, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kọjá rìn tán kí ẹ tó yàwòrán, torí ó máa ń mì.

IS ń dá ìgbọ̀n ọwọ́ yín dúró, kò lè dá ẹyẹ dúró. Iṣẹ́ ṣọ́tà nìyẹn, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí ojú rẹ̀ tó sì ń pa á dé: 1/500 ni ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá. Fún ẹyẹ tó bà lé ẹ̀ka, 1/500. Fún èyí tó ń fò, 1/1600 ó kéré tán. Ní 250mm, f/5.6 ni ojú lẹ́ǹsì yìí lè là mọ, nítorí náà ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí tó, ló máa gòkè: ẹ fi òté 3200 lé Auto ISO (ISO tí kámẹ́rà ń yan fúnra rẹ̀) lórí 600D àti 700D, 6400 lórí 250D. Nínú igbó dídí láàárọ̀ kùtùkùtù, 1/500 kò ní ṣeé ṣe. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 1/160, ẹ dúró de ìgbà tí ẹranko bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé lórí 600D àti 700D, lẹ́yìn àwòrán RAW (fáìlì ńlá tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) bíi mẹ́fà, kámẹ́rà máa há díẹ̀ kó tó tún lè tẹ̀síwájú.

Lórí àwọn kámẹ́rà méjèèjì yẹn, Tv (ẹ̀yin ń yan ṣọ́tà, kámẹ́rà ń yan ojú lẹ́ǹsì) ni kí ẹ lò, kì í ṣe M (ẹ̀yin ń yan méjèèjì). Tí ẹ bá fi Auto ISO sí M, àtúnṣe ìmọ́lẹ̀ +/- kò ní ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ ò lè ya lékèélékèé láìlo ìyẹn. Koríko tútù tó yí i ká máa ń ti kámẹ́rà láti mú ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i, ìyẹ́ funfun náà á sì funfun débi pé ẹ ò ní rí ìlà kankan lára rẹ̀ mọ́. Ẹ fa +/- náà sí −2/3 tàbí −1. Ẹyẹ dúdú tó ń fò lójú ọ̀run, òdì kejì ni: +1.

Fún fókọ́ọ̀sì, ẹ fi sí AI Servo, tó ń tẹ̀lé ohun tó ń rìn, kí ẹ sì lo ojú fókọ́ọ̀sì àárín nìkan. Tí ewé bá wà níwájú ẹyẹ, ewé ni lẹ́ǹsì máa mú. Tí ó bá ti sọ ẹyẹ nù pátápátá, á máa lọ síwá-sẹ́yìn títí ẹyẹ á fi fò lọ. Ẹ kọ ojú rẹ̀ sí igi tó jìnnà bákan náà, ẹ tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, kí ẹ tó padà sí ẹyẹ. Ó lè tẹ̀lé lékèélékèé àti àwòdì tó ń rà bàbà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kọjá agbára rẹ̀. Iná ló ń gbé òrùka fókọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ ṣiṣẹ́, nítorí náà tí kámẹ́rà bá wà ní pípa, yíyí i kò ṣe nǹkan kan.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ mú kámẹ́rà yín dání. Ẹ tan iná fóònù gba ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, kí ẹ wo inú rẹ̀ láti iwájú: èébu (bíi ti búrẹ́dì tó bu) máa ń tàn káàkiri bí òwú aláǹtakùn. Tí ẹ bá rí i, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ so ó mọ́ kámẹ́rà, ẹ fà á dé 250, ẹ tẹ bọ́tìnì dé ìdajì. Àwòrán tó ń gbọ̀n nínú ihò tí ẹ fi ń wòran lẹ́yìn kámẹ́rà gbọ́dọ̀ rọra dúró. Tí kò bá dúró, IS ti kú. Ẹ lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, ẹ yà á ní f/5.6, kí ẹ sì wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí apá kan bá ṣe bàìbàì tí ìyókù sì mú, ó ṣeé ṣe kó ti já bọ́ rí. Err 01 lójú kámẹ́rà kì í fìgbà gbogbo túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́: ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu àwọn ojú wúrà ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tún un gbìyànjú.

Kò ní ààbò kankan sí òjò, ike sì ni ẹnu tó fi ń wọ kámẹ́rà. Lásìkò òjò, inú ike onídèérí tó dí dáadáa ni kó máa sùn, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké silica gel bí èyí tó ń wà nínú páálí bàtà. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fẹ́ eruku kúrò lójú rẹ̀ kí ẹ tó nù ún, torí eruku yẹn máa ń ha gíláàsì. Wọn kì í fi ìbòrí iwájú rẹ̀, ET-63, sínú páálí. Ẹ rà á, ó ń dí oòrùn, ó sì ń gbàjà fún gíláàsì.

Kò wọ 5D tàbí 6D, tí sẹ́ńsọ̀ wọn tóbi ju APS-C lọ. Ó wọ R10 àti R50 tí ẹ bá fi adápítọ̀ EF-EOS R sí i. Tí 250 bá ti kéré sí yín, Sigma 150-600mm Contemporary wà níwájú, ṣùgbọ́n gíráàmù 1,930 ni, ti èyí ò ju 375 lọ. Ẹni tó bá ń lo Nikon, AF-P DX 70-300mm f/4.5-6.3G ni kó wò, kó sì rí i dájú pé VR (orúkọ tí Nikon ń pe IS) wà lórúkọ rẹ̀, torí wọ́n ṣe èyí tí kò ní. Kámẹ́rà Nikon D90 àti D3100 kò lè bá lẹ́ǹsì AF-P ṣiṣẹ́ rárá.