Bulk SMS fún ọlọ́jà: péèjì lẹ ń rà, kì í ṣe iye ènìyàn

Iṣẹ́ tí àwọn tó ń ta bulk SMS, ìyẹn fífi àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan, ń ṣe ní Nàìjíríà kò le lójú. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn, ẹ sanwó, wọ́n á fún yín ní yúnìtì. Ẹ kó nọ́ńbà oníbàárà sínú àpótí kan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sínú èkejì, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Kí ẹ tó mu omi tán, fóònù ti ń dún káàkiri ìgboro. Àgbéyẹ̀wò yìí kò dá lórí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, torí pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà: MTN, Airtel, Glo àti 9mobile tí wọ́n sọ di T2 ni gbogbo wọn ń di ẹrù lé lórí. Ìdájọ́ wa rèé, ká má fi falẹ̀: ẹni tó bá ní oníbàárà tirẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà wọn tìfẹ́tìfẹ́, owó rẹ̀ kò ní ṣòfò. Ẹni tó bá ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́pọ̀, kó kúkú gbé owó náà lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò.

Ibi tí owó ti ń jò jù ni péèjì. Yúnìtì tí ẹ rà kì í ṣe iye ènìyàn tí ọ̀rọ̀ yín máa dé ọ̀dọ̀ wọn, iye péèjì ni. Péèjì kan jẹ́ lẹ́tà 160, wọ́n sì ń ka kọ́mà, nọ́ńbà àti àlàfo àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá 160, péèjì kọ̀ọ̀kan á dín kù sí 153, nítorí pé àyè lẹ́tà méje á lọ fún ìlànà tó ń sọ fún fóònù pé "apá kejì rèé, so ó mọ́ ti àkọ́kọ́". Lẹ́tà 161 ti di péèjì méjì nìyẹn. Àmì ìdánudúró kan ṣoṣo ló sọ owó yín di ìlọ́po méjì.

Iye 160 yẹn kò ṣàdédé wáyé. Àpò tí nẹ́tíwọọ̀kì fi ń gbé àtẹ̀jíṣẹ́ kan kì í gbà ju báìtì 140 lọ, báìtì kan sì jẹ́ bíìtì mẹ́jọ. Lẹ́tà tó bá wà nínú àtẹ lẹ́tà GSM, ìyẹn àwọn lẹ́tà tí wọ́n ṣe mọ́ SMS láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ju bíìtì méje lọ, ìdí nìyẹn tí 160 fi ń wọ inú àpò náà. Lẹ́tà tí kò bá sí nínú àtẹ yẹn máa ń fi tipátipá gbé gbogbo ọ̀rọ̀ bọ́ sínú Unicode, àtẹ ńlá tó gba lẹ́tà gbogbo èdè, níbi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń gba báìtì méjì. Péèjì kan á wá di lẹ́tà 70 péré, tó bá sì ju péèjì kan lọ, á di 67. Ẹyọ lẹ́tà kan tó láti fa èyí.

Èwo ni kò sí nínú àtẹ yẹn? Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀ rárá. À, è, ì, ò, ù wà níbẹ̀, é náà wà, ṣùgbọ́n á, í, ó, ú kò sí. (Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìtálì àti Faransé ló wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é, kò ro ti ará Ọ̀yọ́.) Àmì ₦ kò sí. Àmì àyọlò tó tẹ̀ kọrọdọ, tí Word máa ń fi síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rán an níṣẹ́, kò sí. Emoji kò sí, òun tiẹ̀ tún ń gba àyè méjì. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú Word tàbí WhatsApp, tí wọ́n á wá dà á síbẹ̀, tí wọ́n á sì máa bínú pé wọ́n jí yúnìtì àwọn kó. Kò sí olè ńbẹ̀; àmì àyọlò ni.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, ti ẹni tó ń ta aṣọ ní Gbági n'Íbàdàn:

"E kaaro o. Ankara tuntun ti de. Opa mefa N9,500 titi di Satide. Soobu wa ni Gbagi. E pe 080XXXXXXXX. E te STOP si i ti e ko ba fe mo."

Lẹ́tà 133 ni, péèjì kan. Ẹ yọ N, ẹ fi ₦ rọ́pò rẹ̀, lẹ́tà ò yí padà, síbẹ̀ ó ti di péèjì méjì. Ẹ wá fi àmì sí gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ kí Yorùbá rí:

"Ẹ káàrọ̀ o. Ankara tuntun ti dé. Ọ̀pá mẹ́fà N9,500 títí di Sátidé. Ṣọ́ọ̀bù wa ní Gbági. Ẹ pe 080XXXXXXXX. Ẹ tẹ STOP sí i tí ẹ kò bá fẹ́ mọ́."

Péèjì mẹ́ta nìyí, torí pé lẹ́tà bíi ọ̀ àti ẹ́ méjì ni wọ́n ń kà á sí: ọ lọ́tọ̀, àmì ohùn orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Ká ní ₦5 ni wọ́n ń ta péèjì kan, tí oníbàárà sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ á san ₦5,000, ẹni tó kọ ìkẹyìn á san ₦15,000, lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Ó dunni láti sọ ọ́, àmọ́ fún ẹ̀dínwó Ankara, Yorùbá tí kò ní àmì ló bójú mu. Kí ẹ ṣáà ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tó lè ṣini lọ́nà. Ẹni tó ń ta mọ́tò kò gbọdọ̀ kọ "oko tuntun ti de": àwọn kan á kà á sí ọkọ ìyàwó, àwọn kan á rò pé ọkọ́ ìroko ni, èyí tó kù kò ṣeé wí lójú àgbà. Kó kọ "moto". Bó bá wá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí oníbàárà kú ọdún ni, ẹ fi àmì sí i, kó níyì. "Ẹ kú ọdún Iléyá o. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé" wọ péèjì kan dáadáa, orúkọ ṣọ́ọ̀bù sì ti wà lókè.

Orúkọ tó ń hàn lókè yẹn ni wọ́n ń pè ní sender ID. Kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 11 lọ, àlàfo wà lára rẹ̀. "IYA ALASO" wọ̀ ọ́. Orúkọ gígùn tí ẹ kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù kò ní wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò lè fèsì sí orúkọ, kò sì lè pè é, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fóònù fi gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tí STOP náà fi ń lọ sórí nọ́ńbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ ó máa fọwọ́ ara yín yọ àwọn tó bá tẹ STOP kúrò nínú ìwé nọ́ńbà. Orúkọ tó bá jọ ti báńkì, tàbí tí kò sọ ẹni tó ni ín, bíi INFO, wọ́n sábà máa ń kọ̀ ọ́. Wọ́n lè béèrè ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ okòwò, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Nẹ́tíwọọ̀kì kọ̀ọ̀kan ló ń fọwọ́ sí tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà ó lè jẹ́ pé Airtel ti gbà, kí MTN má tíì gbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ á dé ọ̀dọ̀ ìdajì oníbàárà, ìdajì yòókù kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ọjà bá dé kí ẹ tó béèrè fún un.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ DND (Do Not Disturb, ìyẹn "ẹ má yọ mí lẹ́nu"). Láti ọdún 2016 ni NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn nẹ́tíwọọ̀kì, ti pàṣẹ pé ẹni tí ìpolówó bá ti sú lè fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, kí nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ sì dá ìpolówó dúró. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín lójú ọ̀nà lásán. Ọ̀nà kejì wà, tó wọ́n jù ú lọ, tó ń kọjá DND. Ti àwọn báńkì tó ń fi owó tó wọlé tó oníbàárà létí ni, àti ti kóòdù ìwọlé. Termii, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta bulk SMS, fún àpẹẹrẹ, ya méjèèjì sọ́tọ̀ kedere: ọ̀kan ń jẹ́ generic, ìkejì ń jẹ́ dnd. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun á fi ìpolówó Ankara gba ọ̀nà kejì yẹn, ẹ sá fún un. Ẹni tó ti ní òun ò fẹ́ ìpolówó ni ẹ fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ìbínú rẹ̀ á sì dé orí sender ID yín. Èyí tó tọ́ láti béèrè ni bóyá wọ́n ń dá yúnìtì padà fún nọ́ńbà tí DND dí. Àwọn kan ń dá a padà, àwọn kan kì í dá a padà, ìyàtọ̀ yẹn sì ju kọ́bọ̀ tí ọ̀kan fi dín sí èkejì lọ.

Aago náà ṣe pàtàkì. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀, ìpolówó kì í wọ nọ́ńbà MTN lójú ọ̀nà lásán. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó má retí kí oníbàárà MTN rí i. Aago mẹ́wàá àárọ̀ dára, ọ̀sán Jímọ̀ kò dára.

Ìwé nọ́ńbà ló kù. Excel máa ń jẹ òdo iwájú 0803, tó bá sì rí 234 tí nọ́ńbà mẹ́wàá tẹ̀ lé, á sọ ọ́ di 2.34803E+12. Bí ẹ bá fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀ sí CSV, irú fáìlì tí ẹ fi ń kó nọ́ńbà lọ sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn, nọ́ńbà gidi ti lọ nìyẹn. Ẹ sọ ìlà náà di Text kí ẹ tó kó nọ́ńbà sínú rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yọ nọ́ńbà tó bá jẹ́ méjì, torí pé 0803 àti 234803 ti ẹni kan náà máa ń sá pamọ́ fún ojú. Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ìgbà pípẹ́, nẹ́tíwọọ̀kì ń gbà á padà, wọ́n sì ń tà á fún ẹlòmíràn. Ìwé tó bá ti ju ọdún méjì lọ nílò àtúntò. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí ẹ má fi nọ́ńbà òun polówó mọ́. Ní ti nọ́ńbà tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ta ni nínú wọn ló gbà fún yín?

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a ò kàn lo WhatsApp, ọ̀fẹ́ ṣáà ni. Broadcast rẹ̀ kò ju ènìyàn 256 lọ lórí ìwé kan, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Ẹ fi àwòrán Ankara síbẹ̀ fún àwọn tó fi yín pamọ́. Ìyá tó ń lo fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì, tí kò ra dátà rí, tó sì ń ra aṣọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, SMS nìkan ló lè bá a.

Kí ẹ tó kó owó ńlá sílẹ̀, ẹ béèrè bóyá yúnìtì máa ń kú lẹ́yìn àkókò kan. Ẹ kọ́kọ́ ra èyí tó kéré jù tí wọ́n ń tà, kí ẹ wá síìmù kan lórí nẹ́tíwọọ̀kì kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan nínú wọn wà lórí DND, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà gan-an ránṣẹ́ sí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìròyìn ìfiránṣẹ́. "Sent" kò túmọ̀ sí pé ó dé; ó kàn kúrò lọ́wọ́ wọn ni. DELIVRD ni ó dé. EXPIRED ni pé fóònù wà ní pípa títí àkókò fi kọjá, REJECTD sì ni pé wọ́n kọ̀ ọ́, ó sì lè jẹ́ sender ID tàbí DND ló fà á. Bí ìròyìn bá sọ pé DELIVRD lórí síìmù Glo tó wà níwájú yín, tí Glo náà kò sì dún, ẹ gba owó tó kù padà.