Dolmuş: Ọkọ̀ Tí Orúkọ Rẹ̀ Kì Í Purọ́

Ẹni tí ó bá ti jókòó sínú dáńfó ní Ọ̀ṣòdì rí, tí agbèrò ń ké pé ó ku ẹyọ kan nígbà tí ìjókòó mẹ́ta ṣì ṣófo, kò ní ṣe àjèjì sí dolmuş ìlú Istanbul ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì. Ọkọ̀ akérò kékeré aláwọ̀ ìyeyè ni. Mo wọ̀ ọ́ láti Kadıköy ní ìhà Éṣíà, ó sì gba orí afárá Bosphorus kọjá sí Taksim ní ìhà Yúróòpù. Kò ní aago kankan tí ó ń tẹ̀ lé. Ìgbà tí èrò mẹ́jọ bá pé ni awakọ̀ ń ṣíná. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé, mo sì dúró títí orúnkún fi ń ro mí, ṣùgbọ́n n kò lè bínú, nítorí pé orúkọ ọkọ̀ náà ti sọ ohun tí yóò ṣe.

"Dol-" ni àwọn Tọ́kì ń pe "kún". "Dolmuş" ni "ó ti kún". Ní èdè Tọ́kì àtijọ́, "tol-" ni. Nínú àwọn èdè tí ó bá ti Tọ́kì tan, àwọn Kasakh ("tolu") àti àwọn Usbek ("toʻlmoq") ṣì di "t" náà mú, nígbà tí èdè Tọ́kì òde òní àti ti Asẹbáíjánì ti yí i sí "d". Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù ni ìparí ọ̀rọ̀ náà, "-muş", tí wọ́n tún máa ń lò fún ohun tí a kò fojú ara wa rí, tí a kàn gbọ́. "Wọ́n ní ó ti kún" ni ìtumọ̀ tí ó bá agbèrò wa mu.

Láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni dolma ti wá, ìyẹn ata tí wọ́n ki ìrẹsì àti ẹran sí nínú. Ààfin Dolmabahçe ní Istanbul, tí wọ́n parí ní 1856, ń jẹ́ "ọgbà tí a mú kún", nítorí pé orí etí omi tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ dí ni ó wà.

Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Mo na owó ọkọ̀ sí obìnrin iwájú mi, òun náà nà án síwájú títí ó fi dé ọwọ́ awakọ̀, ṣénjì mi sì gba ọ̀nà kan náà padà láìdín. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìrìn àjò náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àyè fún ẹrù tí ó bá ju báàgì kan lọ. Nígbà tí a sún mọ́ Taksim, ọkùnrin kan ké pé "İnecek var!", èyí tí í ṣe "ẹni tí yóò bọ́ sílẹ̀ wà", awakọ̀ sì yà sí ẹ̀gbẹ́ títì. "Ó wà o!" ti Èkó gan-an ni.