Oyster fún àlejò Lọ́ńdọ̀nù: ó sàn ju káàdì náírà lọ

Ẹni tó bá ti Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, Oyster ni kó rà. Láti ọdún 2003 ni káàdì búlúù yìí ti wà. Bọ́ọ̀sì ni o, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni o, ọkọ̀ ojú irin orí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Overground àti ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń jẹ́ DLR, òun náà la fi ń wọ gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti fi Cowry wọ BRT l'Ékòó ti mọ ìdajì rẹ̀. Ohun tó dùn wá ni owó ike lásán tí wọ́n ń gbà. £7 ni lọ́dún 2022, wọ́n sọ ọ́ di £10 ní oṣù kẹsàn-án 2025, wọn kì í sì í dá a padà. Èèyàn méjì ò lè fi Oyster kan ṣoṣo rìn pọ̀, nítorí náà £20 ti lọ lọ́wọ́ tọkọtaya kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ kankan. Ó wọ́n jù.

Síbẹ̀, káàdì báǹkì tiwa léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́, Visa tàbí Mastercard tó bá ní àmì ìgbì lára ń ṣiṣẹ́ lójú ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n ń fi Oyster kàn, láìsan £10 kankan, iye owó ọkọ̀ àgbàlagbà ò sì yàtọ̀. Ẹni tó bá ní àkáǹtì lọ́hùn-ún, kó lo tiẹ̀. Ti náírà ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kì í dúró de báǹkì kó tó ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá ti kọjá ni wọ́n máa ń lọ béèrè owó. Tí báǹkì bá kọ̀, bóyá nítorí pé iye tí wọ́n gbà yín láyè láti ná lókè òkun ti pé, káàdì yín á bọ́ sínú ìwé àwọn ajigbèsè. Nígbà tí ẹ bá tún fi kan ẹ̀rọ, iná pupa lẹ máa rí, kò sì ní ṣí títí ẹ ó fi san gbèsè náà. Verve ò wúlò níbẹ̀ rárá. Káàdì dọ́là ti domiciliary sàn díẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí báǹkì ń yọ lé e kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ̀rọ tó ń ta Oyster wà ní ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀, títí kan ti Heathrow. Ẹ wo èyí tó ń gba owó pépà, torí àwọn míì káàdì nìkan ni wọ́n ń gbà. Ṣọ́ọ̀bù tó bá lẹ àmì Oyster síta náà máa ń bá èèyàn fi owó kún un. Ẹ má na owó sí dírẹ́bà o! Láti oṣù keje 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù ò ti gba owó lọ́wọ́ mọ́.

Bọ́ọ̀sì ló máa wúlò jù fún ẹni tó bá dé sí àdúgbò Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, torí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ò dé ibẹ̀. Oṣù kẹta 2023 ni wọ́n gbé owó bọ́ọ̀sì dé £1.75. Bọ́ọ̀sì mìíràn tí ẹ bá wọ̀ kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni, bí káàdì kan náà lẹ bá lò. Tó bá sì jẹ́ bọ́ọ̀sì nìkan lẹ wọ̀ lọ́jọ́ kan, £5.25 ni òpin owó tí wọ́n máa yọ.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ó fi káàdì kan ojú ẹ̀rọ aláwọ̀ ìyeyè nígbà tí ẹ bá ń wọlé nìkan. Ní ti ọkọ̀ ojú irin, ẹ ó fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ ó sì tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹni tó bá gbàgbé ti ìjáde, owó tó pọ̀ jù ni wọ́n máa yọ. Àwọn ibùdó DLR tí ò ní géètì ló ń mú èèyàn jù. Òpó kékeré ni ẹ̀rọ wà lára rẹ̀, èèyàn á kàn rìn kọjá. Ẹ yọ Oyster jáde nínú pọ́ọ̀sì kí ẹ tó fi kàn án, kí ẹ̀rọ má baà ka káàdì báǹkì tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá láìsanwó, £100 ni ìtanràn rẹ̀, £50 tó bá san án kí ọjọ́ 21 tó pé.

Ọmọ tí kò tíì pé 11 ò sanwó bọ́ọ̀sì. Fún ọmọ ọdún 11 sí 15, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ fi ẹ̀dínwó Young Visitor sórí Oyster rẹ̀, ìdajì ló máa san fún ọjọ́ 14. Ti bàbá àti ìyá tó ti lé ní 60 ló bani nínú jẹ́. Àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀fẹ́ àgbàlagbà wà fún, àlejò ò sí níbẹ̀.

Ẹ má fi Oyster lọ ìlú Reading tàbí pápákọ̀ òfuurufú Luton, agbára rẹ̀ ò dé ibẹ̀. Tí ẹ bá ń padà bọ̀ wálé, tí owó tó ṣẹ́ kù ò bá ju £10 lọ, ẹ̀rọ ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ lè dá a padà fún yín. Àmọ́ owó inú rẹ̀ kì í kú. Ó sàn kí ẹ mú un bọ̀ wálé, kí ẹ gbé e fún ará ilé tó kàn láti lọ, kó má tún lọ san £10 lórí ike.