Grin: Owó Tí Ẹnikẹ́ni Ò Kọ́kọ́ Bù Pamọ́

Iṣẹ́ akápò ni mo ń ṣe fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìbàdàn, ojú akápò náà ni mo sì fi ń wo owó kírípítò èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé wá síwájú mi. Kí n tó béèrè bóyá ó ń gbówó lórí, màá kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ti bu tirẹ̀ kí wọ́n tó pe ará ìta. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ́ìnì kéékèèké tó ń pariwo pé àwọn ń bo àṣírí ló máa ń ṣubú níbi ìbéèrè yìí. Àwọn olùdásílẹ̀ á ti pín tiwọn, wọ́n á ti ta díẹ̀ ní ẹ̀dínwó fún àwọn olówó ńlá, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n á wá máa pè wá sí. Grin, tí òun náà jẹ́ kọ́ìnì kékeré tó ń bo àṣírí, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń lò ó nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí àwọn ibi tó kù sí máa dùn mí.

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2019 ni wọ́n fi í lọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ látọdún 2016. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ẹnì kan tó fi orúkọ bojú, tó pe ara rẹ̀ ní Tom Elvis Jedusor, ju ìwé kékeré kan sáàárín àwọn ògbóǹtarìgì bitcoin níbi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí IRC, ìyẹn gbàgede ìjíròrò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ètò kan tó pè ní Mimblewimble, tó ń fi ìṣirò bo iye owó inú ìfiránṣẹ́ mọ́lẹ̀, ló ṣàlàyé síbẹ̀. Andrew Poelstra, onímọ̀ ìṣirò tó wà nígbà náà ní Blockstream, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ bitcoin, yẹ ìwé náà wò, ó rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀, òun náà sì kọ tirẹ̀ lé e lórí kí ọdún tó parí. Ẹlòmíì tó fi orúkọ bojú, Ignotus Peverell, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kóòdù rẹ̀ ní Rust, èdè kọ̀ǹpútà kan, ó sì gbé e lójú gbogbo ayé sórí GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí. Ó lé lọ́dún méjì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní gbangba kí kọ́ìnì àkọ́kọ́ tó jáde.

Nígbà tí ọjọ́ pé, kò sí kọ́ìnì kankan nílẹ̀ fún olùdásílẹ̀. Wọn ò ta ìkankan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò sì yọ ìdá kankan lára ohun tí àwọn tó ń máìnì, ìyẹn àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wọn wá kọ́ìnì tuntun, ń rí. Ẹ fi wé Zcash, kọ́ìnì àṣírí mìíràn, tó jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2016: fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó búlọ́ọ̀kù (ìdìpọ̀ ìfiránṣẹ́ tí kọ́ìnì tuntun ń bá jáde) ni wọ́n ń yọ fún àwọn olùdásílẹ̀ àti àwọn tó fowó sí i. Mi ò bá Zcash jà, wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Grin ló wọ̀ mí lọ́kàn. Bí Ignotus fúnra rẹ̀ bá fẹ́ Grin, àfi kó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ kó máìnì tàbí kó lọ rà á lọ́jà.

Bí owó náà ṣe ń jáde kò ṣòro láti rántí: ìṣẹ́jú àáyá kan, grin kan. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni búlọ́ọ̀kù kan ń wọlé, 60 ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá rí i. Ó di 86,400 lójúmọ́, lónìí, lọ́la, títí láé. Kò ní pọ̀ sí i, kò ní dín, kò sì ní dáwọ́ dúró. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bínú sí i, torí wọ́n ti gbọ́ pé kírípítò tó dára gbọ́dọ̀ ṣọ̀wọ́n. Òótọ́ ni pé ọdún kejì sọ iye tó wà níta di ìlọ́po méjì, kò sì sí owó tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó lè gbówó lórí. Àwọn tó sáré rà á ní owó gọbọi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fojú rí i. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ dé iwájú. Nígbà tí Grin bá pé ọdún mẹ́wàá, ohun tó máa jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Bó bá pé ogún ọdún, ó di ìdá kan nínú ogún. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í máìnì lọ́dún 2030 á bá iye kan náà tí ẹni tọdún 2019 bá nínú búlọ́ọ̀kù. Lórí bitcoin, 50 ni àwọn ará ìbẹ̀rẹ̀ ń rí nínú búlọ́ọ̀kù kan. Látoṣù kẹrin ọdún 2024, ó ti di 3.125. Èmi ò fẹ́ owó tó jẹ́ pé ẹni tó tètè dé ló ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń wá ohun tó máa rà lónìí tó máa sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ lọ́la, kó má wulẹ̀ dá Grin láàmú.

Ohun tó mú akápò bíi tèmi dúró sẹ́nu rẹ̀ ni ìwé owó rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ìwé ńlá Grin, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ìfiránṣẹ́ rẹ̀ tó wà fún gbogbo ayé, ẹ ò ní rí àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni, ẹ ò sì ní rí iye kankan. Iye tó wà nínú ìfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti wọ inú ìṣirò kan tó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè ṣàyẹ̀wò pé ohun tó wọlé àti ohun tó jáde bá ara mu, láì mọ̀ bóyá náírà márùn-ún ni tàbí mílíọ̀nù márùn-ún. Ó tún kọjá bẹ́ẹ̀: ẹ lè ro gbogbo àpò owó tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ bó ṣe bò yẹn, kí ẹ fi wé iye búlọ́ọ̀kù tó ti jáde lọ́nà 60, ẹ ó sì rí i pé ẹnikẹ́ni ò tẹ owó kan ní kọ̀rọ̀. Èmi tí mo máa ń jókòó ti ìwé káàdì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìparí ọdún, tí mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iye owó ọmọ ẹgbẹ́ kan bá já sígboro tí àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í tò wá sílé rẹ̀, mi ò tíì rí ìwé owó tó ṣe méjèèjì pọ̀ báyìí: kí àpapọ̀ hàn sí gbogbo èèyàn, kí tẹnì kọ̀ọ̀kan sì wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Leeds, òun ló fi Grin hàn mí, a sì máa ń fi ránṣẹ́ síra wa. Grin-wallet ni wọ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àpò owó orí kọ̀ǹpútà, tí èmi ń lò, èyí tí a ń tẹ àṣẹ sí lójú dúdú kọ̀ǹpútà. Grin++ tó ní bọ́tìnnì títẹ̀ ló wù ú. Bí mo bá fẹ́ fi 20 grin ránṣẹ́ sí i, màá tẹ àṣẹ náà pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú grin1, èyí tí wọ́lẹ́ẹ̀tì wa fi ń wá ara wọn, tí kì í wọ ìwé ńlá. Wọ́lẹ́ẹ̀tì mi á wá tirẹ̀ kàn lórí Tor, ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bo ibi tí èèyàn wà. Bí tirẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, àwọn méjèèjì á parí ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Bí kò bá ṣí, wọ́lẹ́ẹ̀tì mi á pọ ọ̀rọ̀ gígùn kan jáde, BEGINSLATEPACK níwájú, ENDSLATEPACK lẹ́yìn, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ sí ojú èèyàn ló wà láàárín. Màá gbé e sórí WhatsApp fún un. Á lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, á gbà á, tirẹ̀ náà á pọ òmíràn jáde, á sì dá a padà fún mi: “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fọwọ́ sí i o, ẹ bá mi parí ẹ̀.” Èmi ni màá tẹ àṣẹ ìkẹyìn, ìgbà yẹn ló tó wọ ìwé ńlá. Lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá, ìyẹn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lè ná an. Owó iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ tí kò lọ́jú pọ̀ jẹ́ bí 0.023 grin.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: bí ètò yìí ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ ò lè sanwó fún ẹni tó ti sùn. Bí àbúrò mi bá wà lẹ́nu iṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, owó náà á dúró dè é. Kì í sì í ṣe 20 yẹn nìkan: bó bá jẹ́ inú àpò 100 ni wọ́lẹ́ẹ̀tì ti fẹ́ yọ ọ́, odidi 100 ló máa tì pa títí tí a ó fi parí rẹ̀ tàbí tí mo bá fagi lé e. Mo fẹ́ràn pé kò sóhun tó lè wọ àpò ẹnìkan láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e lọ bá ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági. Oníbàárà dúró níwájú wọn, òmíràn ń béèrè iye lẹ́sì, a wá ní kí wọ́n máa da ọ̀rọ̀ slatepack kọ láti orí fóònù. Èyí ló tóbi jù nínú ìṣòro rẹ̀, inú ìṣirò rẹ̀ gan-an ló sì ti wá, kì í ṣe ọ̀lẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ti àṣírí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ivan Bogatyy, olùwádìí ní Dragonfly Research, gbé iṣẹ́ kan jáde: kọ̀ǹpútà tó háyà lọ́dọ̀ Amazon, tí kò ná an ju 60 dọ́là lọ lọ́sẹ̀, ni ó fi tẹ́tí sí àwọn ìfiránṣẹ́ Grin bí wọ́n ṣe ń lọ, ó sì mọ èyí tó so mọ́ èyí nínú ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn tó ń kọ Grin fèsì pé àwọn ti mọ àléébù yẹn tẹ́lẹ̀, pé kò rí iye owó, kò sì rí orúkọ tàbí àdírẹ́sì, torí kò sí àdírẹ́sì níbẹ̀. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Tó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ò fẹ́ ni kí ẹni tí ẹ sanwó fún mọ iye tó kù lápò yín, bó ṣe máa ń hàn lórí bitcoin, Grin bò ó. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń wá yín ní ẹ̀rọ àti àsìkò, kì í ṣe Grin ló yẹ kí ẹ sá sí.

Ibi tí ọkàn mi ti ń mì ni ìtọ́jú rẹ̀. Nítorí pé wọn ò bu nǹkankan pamọ́ níbẹ̀rẹ̀, kò sí àpò tí wọ́n á ti máa san owó oṣù. Ìdáwó ni wọ́n fi sanwó àyẹ̀wò ààbò kóòdù náà, ìdáwó ni wọ́n fi gbọ́ bùkátà Michael Cordner, tí wọ́n mọ̀ sí Yeastplume, kó lè gbájú mọ́ iṣẹ́ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ẹnì kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n fi 50 bitcoin ta wọ́n lọ́rẹ, ó ju 400,000 dọ́là lọ nígbà náà. Wọ́n kọ ohun tó wọlé àti ohun tí wọ́n ná síta kí gbogbo èèyàn kà á, ìròyìn ìpàdé wọn náà sì wà níta. Akápò tó bá ti rí ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń fi ìwé ìnáwó pamọ́ á mọ bí èyí ṣe níyì tó.

Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń yí òfin kóòdù padà lọ́dún méjì àkọ́kọ́, èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2021, gbogbo ẹni tó ń máìnì àti gbogbo ọjà tó ń tà á ló sì gbọ́dọ̀ bá wọn yí. Ignotus tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti dákẹ́ látọdún 2019, àwọn tó kù ló ń bá a lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ẹnì kan tí a kò mọ̀ kó ju ìdajì agbára àwọn tó ń máìnì lọ sọ́wọ́ ara rẹ̀, débi pé ó lè yí búlọ́ọ̀kù tó ti wọlé padà. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa dúró pẹ́ sí i kí wọ́n tó gbà pé owó ti wọlé. Bí ewu yìí ṣe ń ba gbogbo kọ́ìnì kékeré nìyẹn: ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ kò pọ̀, olówó kan lè háyà ju ìyẹn lọ. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ṣòfò ṣá, torí ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Litecoin, kọ́ìnì mìíràn tó tóbi ju Grin lọ, so Mimblewimble mọ́ ara tirẹ̀, David Burkett tó kọ Grin++ ló sì ṣe iṣẹ́ náà. Inú mi dùn sí i. Ó dùn mí pẹ̀lú, torí ibi tí owó wà ni ọmọ náà gbà lọ.

Fún àwa ará ilé, títà rẹ̀ sí náírà kò rọrùn. Lẹ́yìn lẹ́tà tí báńkì àpapọ̀ kọ ní oṣù kejì ọdún 2021, P2P, ìyẹn kí ẹnì kan tà fún ẹnì kejì tààrà, ni gbogbo wa sá sí, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn padà ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra kírípítò lọ́wọ́ wa ń wá bitcoin àti USDT, kọ́ìnì tí iye rẹ̀ bá dọ́là dọ́gba. Ẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀ Grin sí ọ̀kan nínú wọn níta. Ẹ ṣe é pẹ̀lú owó kékeré.

Nínú márùn-ún, mo fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní márùn-ún, ìwé owó rẹ̀ márùn-ún, àṣírí rẹ̀ mẹ́ta, lílò rẹ̀ méjì. Ìtọ́jú rẹ̀ mi ò lè fún ní ju mẹ́ta lọ, kì í ṣe torí àwọn tó ń ṣe é, bí kò ṣe torí àwa tí a ń lò ó tí a kì í dá owó. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó kọ ọ̀rọ̀ 24 tí wọ́lẹ́ẹ̀tì bá fún un sórí ìwé, kó má yà á ní fótò, kó wá ẹnì kan tó máa bá a fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fi grin kan péré bẹ̀rẹ̀. Bó bá wá rí i pé òun ń jàǹfààní rẹ̀, àdírẹ́sì ìdáwó àwọn tó ń kọ ọ́ wà lójú ewé Grin fúnra rẹ̀.