Ìwé ìhágún Bàbá wa mọ ikú, kò mọ àìsàn

"Ẹ má bínú, mà. Bọ̀dá yín ò tíì kú."

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé iwájú ọ́fíìsì lọ́yà náà sọ fún mi nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bá èèyàn kọ ìwé ìhágún, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ohun tí ìwé ìhágún wà fún, nítorí náà ibì kan péré ni mo fẹ́ dúró lé: ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tí yóò rọ́pò bí ẹni àkọ́kọ́ ò bá lè ṣe é.

Bọ̀dá mi ni Bàbá fi ṣe alámòójútó ogún, èmi ni arọ́pò. Lẹ́yìn tí ìwé ti wà nílẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bọ̀dá. Wọ́n ń jẹun, wọ́n sì mọ̀ mí bí mo bá wọlé, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò já geere mọ́, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò sì lè di bírò mú. Nígbà tí Bàbá wá papòdà, mo gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì yẹn, ọkàn mi balẹ̀ pé ó ti kàn mí. Akọ̀wé fi ìka tọ ìlà kan, ó kà á sókè: "Bí ọmọ mi yìí bá kú ṣáájú mi, kí àbúrò rẹ̀ obìnrin rọ́pò rẹ̀." Ó gbójú sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ sókè yẹn, ó sì pa fáìlì dé.

Ikú ò dọ́jọ́, àrùn ò dóṣù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Báwo ni lọ́yà ṣe wá kọ ti ikú tó gbàgbé ti àrùn? Ìwé yẹn ò ro ti ẹni tó wà láàyè tí ara rẹ̀ ò gbé e mọ́. Kò ro ti ẹni tó lóun ò ṣe, bẹ́ẹ̀ alámòójútó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì fọwọ́ kan dúkìá olóògbé. Gbólóhùn kan péré ni ìbá gba gbogbo rẹ̀: "bí ó bá kú, bí ó bá kọ̀, tàbí bí kò bá lè ṣe é nítorí ìdíkídìí."

Mo wá lọ́yà àgbà tó kọ ìwé náà títí. Wọ́n á ní ó wà ní kóòtù, wọ́n á ní ó wà nípàdé. Nígbà tó gbé fóònù níkẹyìn, ó ní, "Ohun tí Bàbá ní ká kọ la kọ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti akọ̀wé lọ. Bàbá kì í ṣe lọ́yà. Ìbéèrè tí èèyàn ò mọ̀ pé ó yẹ kóun bi gan-an ló ń torí ẹ̀ sanwó fún lọ́yà.

Lọ́yà obìnrin kan, ọ̀dọ́, ní ọ́fíìsì kan náà, ló gbà mí. Kò jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ka ìwé Bàbá láti ìlà àkọ́kọ́ dé ibi tí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí. Ó ní ìwé náà ò tíì kú: bí kò bá sí alámòójútó tó lè ṣiṣẹ́, kóòtù lè yan ẹni tí yóò pín ogún bí ìwé ìhágún ṣe wí. Ó ní kí n gba lẹ́tà dọ́kítà tó sọ ọ́ kedere pé Bọ̀dá ò lè bójú tó ọ̀rọ̀ ogún, kí àwọn àbúrò mi sì fọwọ́ sí i pé àwọn fara mọ́ ọn. Ó ń pè mí bí nǹkan bá ti sún síwájú díẹ̀. Ó pẹ́, báǹkì ò sì jẹ́ ká fọwọ́ kan owó Bàbá ní gbogbo àsìkò yẹn, àmọ́ kóòtù fún mi láṣẹ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti ṣe tèmi. Ṣé ẹ rí ìbéèrè! Ta ni yóò pín ogún? Ta ni yóò bójú tó owó mi bí mo bá wà láàyè tí n kò dá nǹkan mọ̀ mọ́, torí pé àṣẹ tí mo bá fún ẹni náà lórí owó mi ń parí lọ́jọ́ tí mo bá kú? Ta ni yóò bá dọ́kítà sọ̀rọ̀? Ta ni yóò gba àwọn ọmọ? Mo dárúkọ ọkọ mi sí gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà ńkọ́, mà?" Mo ní kó kọ àwọn àbúrò mi méjì pọ̀. Ó ní bí ìwé bá sọ pé àfi kí àwọn méjèèjì jọ ṣe é, tí ọ̀kan ò sì lè ṣe é mọ́, níbi púpọ̀ ni àṣẹ ẹnì kejì náà ti lè parí, àyàfi bí a bá kọ ọ́ pé ẹni tó kù lè máa bá a lọ. Ó tún kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé lẹ́tà dọ́kítà ni yóò fi hàn pé ẹnì kan ò lè ṣe é mọ́, kí arọ́pò má baà máa bá báǹkì ṣàríyànjiyàn. Kó tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ó ní kí n pè é. Àǹtí mi kan kọ̀ jálẹ̀, inú mi sì dùn gan-an, torí pé mo ṣì wà láàyè láti yan ẹlòmíràn.

Àmọ́ nígbà tí ìwé jáde, akọ̀wé ti ṣi orúkọ arọ́pò mi kọ, kò bá ti ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ mu. Ó ní lẹ́tà kan péré ni. Lẹ́tà kan péré ni báǹkì máa fi lé èèyàn padà! Wọ́n tún un tẹ̀ kí àwọn ẹlẹ́rìí tó dé, àmọ́ kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Máàkì mi: 2 nínú 5. Bó bá jẹ́ ti lọ́yà obìnrin yẹn nìkan ni, 5 ni mi ò bá fún wọn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà ni mo sì máa darí ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Àmọ́ ọ́fíìsì yìí ló kọ ti Bàbá. Mo ti kọ̀wé béèrè bóyá wọ́n ti pe àwọn oníbàárà wọn yòókù tí gbólóhùn "bí ó bá kú ṣáájú mi" yẹn wà nínú ìwé tiwọn, wọn ò tíì fún mi lésì.