Òdòdó mum inú ìkòkò fún fàráńdà tó ní òrùlé: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Bí Oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ, àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní Maryland, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, àti agbègbè rẹ̀ á ti to ìkòkò chrysanthemum, tí gbogbo èèyàn ń pè ní mum, síta rẹpẹtẹ. Èyí tí mò ń yẹ̀ wò níbí ni ti ìkòkò ike oní-ínǹṣì 8, lórí fàráńdà tó ní òrùlé, tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin. Òdòdó ọ̀hún tó owó rẹ̀ dáadáa. Àmì ike tí wọ́n fi gún etí ìkòkò ló jẹ́ kí ìràwọ̀ kan bọ́, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọjà rírà ni kí a kọ́kọ́ mú. Èyí tó ti là tán, tó ń dán lókèèrè, lojú máa ń fà sí. Ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí ìrudi rẹ̀ pọ̀ ju òdòdó lọ, tí àwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ní ṣóńṣó wọn, ni kí ẹ mú. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó ṣá, nígbà tí èyí tó ti là tán lè máà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ya ẹ̀ka rẹ̀ wò: bí ewé ìdí rẹ̀ bá ti gbẹ, tó ń rún lọ́wọ́, òùngbẹ ti gbẹ ẹ́ níbi tí wọ́n tò ó sí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ tún gbé ìkòkò náà sókè. Èyí tó bá fúyẹ́ bí agolo òfìfo, ẹ dá a padà sáyè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ló gba àlàyé jù. Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Eji ò rí ìkòkò tó wà lábẹ́ òrùlé. Òjò lè rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí koríko iwájú ilé tutù rinrin, kí òùngbẹ sì máa pa mum orí fàráńdà lọ. Òrùlé tó ń gba òdòdó lọ́wọ́ ìjì òun náà ló ń fi omi dù ú. Ohun tó tún mú un le ni pé kí wọ́n tó gbé e jáde fún títà, gbòǹgbò ti kún inú ìkòkò bámúbámú, ohun tó lè mú omi dání níbẹ̀ ò tó nǹkan mọ́.

Láràárọ̀, ẹ ki ìka bọ inú ìkòkò dé ínǹṣì kan. Bó bá gbẹ, ẹ bu omi sí ìdí rẹ̀, lábẹ́ ewé, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi máa jò ní ihò ìsàlẹ̀. Kẹ́tùlù ẹlẹ́nu tín-ín-rín dára fún un. Ìdajì lítà sí lítà kan ni ìkòkò yìí sábà máa ń gbà. Bí ooru bá ṣì ju 80 Fahrenheit lọ, bó ṣe máa ń rí nínú Oṣù Kẹsàn-án, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò nírọ̀lẹ́.

Bó bá wá gbẹ jù ńkọ́? Ẹ wo etí ìkòkò. Iyẹ̀pẹ̀ á ti sún kúrò lára ike, àlàfo tín-ín-rín bí igi ìṣáná á sì yí i ká. Peat, ìyẹn ewéko tó ti jẹrà nínú irà, ló pọ̀ jù nínú iyẹ̀pẹ̀ yẹn; bó bá gbẹ, ó máa ń súnkì, kì í sì í fẹ́ gba omi mọ́. Omi tí ẹ bá dà sí i lókè, àlàfo yẹn ló máa gbà, á tú jáde nísàlẹ̀ wàrà. Èèyàn á rò pé ó ti mu yó, bẹ́ẹ̀ sì ni àárín gbòǹgbò ṣì gbẹ táútáú. Inú korobá ni kí ẹ gbé irú èyí sí. Ẹ bu omi tó ga tó ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin sínú rẹ̀, kí ìkòkò jókòó síbẹ̀ fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú, títí ojú iyẹ̀pẹ̀ lókè fi máa dúdú. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e jáde kó ro. Láàárín wákàtí díẹ̀, ewé á gbórí sókè. Àmọ́ ìrudi tó bá ti rọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta sábà máa ń gbẹ láìlà.

Omi àpọ̀jù náà ń pa á. Bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ìkòkò máa ń gba omi dúró nísàlẹ̀, gbòǹgbò á sì jẹrà. Ẹ tú u kúrò, tàbí kí ẹ lu ìdí rẹ̀. Bí awo bá wà lábẹ́ ìkòkò, ẹ da omi inú rẹ̀ nù lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mum tó rọ, tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sì tutù, ẹ má bu omi kún un rárá. Gbòǹgbò ló ń ṣàìsàn.

Ní ti oòrùn, nígbà tí ìrudi bá ṣì pa ẹnu dé, ó nílò oòrùn bíi wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Etí fàráńdà gan-an ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ máa yí ìkòkò díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tó bá ti là, ẹ lè tì í sẹ́yìn sínú ibòòji; ibi tó tutù yẹn ló máa jẹ́ kó pẹ́.

Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń ta òwú bí aláǹtakùn fẹ́ràn abẹ́ òrùlé, torí ibẹ̀ gbẹ. Bí ewé bá ń ní tótòtó funfun, ẹ yí i dojú dé kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé ìkòkò sórí koríko, kí ẹ fi omi fọ ẹ̀yìn ewé náà láàárọ̀ kó lè tètè gbẹ. Ẹ máa gé òdòdó tó ti ṣá, nítorí irun aláwọ̀ eérú máa ń hù lé e tó bá tutù, a sì máa ràn mọ́ ìyókù. Ajílẹ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn tí ìrudi bá ti yọ. Bí ajá tàbí ológbò bá wà nílé, ẹ gbé e síbi tí ẹnu wọn ò ti ní tó o. Májèlé ni fún wọn.

Ó wá ku àmì ike yẹn. Ohun tó kọ ni pé yóò máa padà yọ lọ́dọọdún. Nínú ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti lè jóòótọ́, fún èyí tí wọ́n tètè gbìn. Mum tí a rà nínú Oṣù Kẹsàn-án ti kó agbára rẹ̀ lé òdòdó, ike tẹ́ẹ́rẹ́ ò sì lè gba gbòǹgbò lọ́wọ́ òtútù. Ó yẹ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ san owó.

Ìrì dídì fẹ́ẹ́rẹ́ kì í pa á. Bí òru bá fẹ́ tutù tó 28 Fahrenheit, ẹ fi aṣọ bò ó, kì í ṣe ọ̀rá, kí ẹ sì ṣí i láàárọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò di ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí òdòdó bá ti kú, ẹ fi igi rẹ̀ sílẹ̀ láìgé, kí ẹ gbé e sínú gáréèjì tí kò ní ẹ̀rọ amúlégbóná, níbi tó wà láàárín 32 sí 50 Fahrenheit. Ife omi kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tó fún un. Nígbà tí ìrì dídì bá ti kọjá, ẹ gbé e síta, ẹ gé igi àtijọ́, ẹ pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀ka tuntun bá ti ga tó ínǹṣì mẹ́fà, ẹ máa já ṣóńṣó wọn títí di nǹkan bí ọjọ́ 4 Oṣù Keje, kó lè pẹ̀ka dáadáa.

Irú èyí ni iná fàráńdà máa ń dà láàmú. Láti 1920 ni Garner àti Allard, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé gígùn ọ̀sán àti òru ló ń sọ fún àwọn ewéko kan pé àsìkò òdòdó ti tó. Tábà Maryland Mammoth wà lára ohun tí wọ́n fi dán an wò. Òru gígùn ni mum ń dúró dè. Gílóòbù tó ń tàn lé e lórí mọ́jú á mú kó rò pé òru ṣì kúrú, ìrudi á falẹ̀, òtútù líle á sì bá a láìtíì là. Láti ìparí Oṣù Keje, ẹ pa iná yẹn lálẹ́, tàbí kí ẹ gbé ìkòkò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé tó ṣókùnkùn.